Ìjàpá Olùkọ́ Ọgbà

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, lọ́dún tó di olùkọ́ ọgbà ní Ìlọrin, létí Odò Àsà.

Láyé ìgbà náà, kò sí ẹranko tí kò ní ẹ̀yìnkùlé. Ti Àgbò kò jọ ti Òbúkọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣófo. Ewúro wà lẹ́bàá ògiri. Ẹfinrin wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹ̀fọn. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú wà lórí ebè kéékèèké. Dóńgóyárò wà láàárín àgbàlá, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sá sí bí oòrùn bá mú. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù a rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò ìrẹsì tó ti gbó, ata rodo a sì so níbẹ̀ jìngbìnnì.

Ta ló kọ́ wọn? Ìyá Ìgbín ni. Kò gba kọ́bọ̀. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, a kó àwọn ọmọ jọ sídìí ààtàn rẹ̀. A ní: "Ẹ kó èèpo iṣu wá. Ẹ kó ewé gbígbẹ wá. Ẹ kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ wá. Ẹ tẹ́ wọn léra, ẹ bomi wọ́n wọn, ẹ máa yí wọn padà. Bó bá tó oṣù mẹ́ta, ẹ padà wá wò ó." Wọ́n á padà wá, wọ́n á bá ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ múlọ́múlọ́.

Ekòló ni òṣìṣẹ́ Ìyá Ìgbín. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Ekòló júbà, ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ lanu, òjò wọlé. Òjò wọlé, kànga kún. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó rí i.

Ó wá di ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé owó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Owó kí ni? Owó tí wọn yóò fi kọ́ ará ìlú ní iṣẹ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé, kí àyíká lè tutù, kí ẹ̀fọ́ lè pọ̀. Erin, ọba àwọn ẹranko, ní kí wọ́n lu agogo káàkiri: ta ló mọ̀ ọ́n kọ́ni?

Ìyá Ìgbín gbọ́. Ó gbéra. Ẹ̀yin náà mọ ìrìn ìgbín.

Ìjàpá náà gbọ́. Lóru ọjọ́ náà ló mú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo pọ̀n, ó rìn títí ó fi dé ARMTI, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1980 fún ìkọ́ni ní àkóso iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ìgbèríko. (Ẹ má bi mí bí 1980 ṣe wọ ayé ìgbà náà. Àlọ́ ni mò ń pa.) Kò wọlé. Ó jókòó sábẹ́ igi níwájú géètì, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, ó sùn díẹ̀, ó yí padà sílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, ó ti wọ awò ojú, ó ti di fáìlì mọ́ abíyá, ó ti wà láàfin.

"Kábíyèsí, èmi ti dé ARMTI."

Kò purọ́. Ó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Ìgbín tó dé ààfin. Wọ́n ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ láàárín àwọn tí Ìjàpá máa kọ́.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, Ìjàpá pín fìlà. Lọ́jọ́ kejì, ó pín ìrẹsì inú ike. Ẹni tó tètè dé rí ẹran nínú tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ọmọ igi máńgòrò jáde. Ẹyọ kan. Ó fi lé Ehoro lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ó gbà á lọ́wọ́ Ehoro, ó fi lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ó gbà á lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, ó fi lé Òkété lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Báyìí ni gbogbo ìlú ṣe gba igi. Nígbà tó fi máa kan Ìyá Ìgbín, orí igi náà ti dorí kodò.

Ìyá Ìgbín ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbìn ín, kó má baà kú."

Ìjàpá ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá. Igi inú ìwé ni, kì í ṣe igi inú ilẹ̀."

Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé lóòótọ́ pé igba igi ti wọlẹ̀.

Owó àkọ́kọ́ tán. Ìjàpá jókòó, ó ronú. Ó ní bí òun bá kọ́ wọn ní ọgbà, ọgbà á hù. Bí ọgbà bá hù, ta ni yóò tún wá olùkọ́? Ó gbọn ìdí, ó tún gba ààfin lọ.

"Kábíyèsí, ìlú yìí dọ̀tí. Iyẹ̀pẹ̀ ló kún gbogbo rẹ̀. Àwọn ìlú tó lajú, ṣé iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi òkúta íńtálọ́ọ̀kù tẹ́ gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Orí íńtálọ́ọ̀kù la ó wá gbé òdòdó lé."

Erin ní, "Ta ló ń ta íńtálọ́ọ̀kù?"

"Ìjàpá àti Àwọn Ọmọ ni, Kábíyèsí."

"Ìwọ Ìjàpá, o bímọ ni?"

"Wọ́n ń bọ̀, Kábíyèsí."

Erin rẹ́rìn-ín. Ó na ẹsẹ̀, ó fi tẹ ìwé. Ẹsẹ̀ ọ̀hún tóbi. Kò sẹ́ni tó rí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kà.

Nígbà tí Ìjàpá délé, Yánníbo bi í léèrè. Ó ní, "Baálé mi, ibo lẹ fẹ́ kí omi òjò gbà?" Ìjàpá wo ìwé lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní, "Òjò kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Wọ́n gé dóńgóyárò. Wọ́n hú ewúro. Wọ́n fa ẹfinrin tu, Ìjàpá ní koríko lásán ni. Wọ́n tú ààtàn Ìyá Ìgbín ká, wọ́n ní ará oko ni, kó máa lọ sísàlẹ̀ odò. Ìjàpá gun orí òkìtì yanrìn, ó ń lé, àwọn ẹranko ń gbè é bí wọ́n ti ń to òkúta. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi gbè é:

Ta ló mọ̀wé ọgbà?
*Wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀.*
Èmi mà ni, Ìjàpá.
*Wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀.*
Ewúro korò, ẹ hú u.
*Wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀.*
Ilẹ̀ lanu, ẹ dí i.
*Wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀.*
Bówó bá dé, ẹ fún mi.
*Wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀.*

Orin náà dùn. Ó dùn débi pé kò sẹ́ni tó fetí sí ohun tó ń sọ.

Ìwọ̀nba òjò tó kù lọ́dún náà rọ̀, ó yọ̀ lórí òkúta, ó bá tirẹ̀ lọ sódò. Kànga kò rí mu nínú rẹ̀. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Ooru dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìlọrin mọ oòrùn oṣù kẹta. Oòrùn yìí sọ̀ kalẹ̀, kò rígi, kò rí koríko, ló bá fìdí kalẹ̀ sórí íńtálọ́ọ̀kù. Ilẹ̀ gbóná lọ́sàn-án, ó gbóná lóru. Adìyẹ ń fẹsẹ̀ kan fò. Alángbá tó máa ń yáàrùn, òun ló ń wá ibòji kiri. Wọ́n ju korobá sí kànga, korobá dún gbàn-ùn. Nísàlẹ̀ ilẹ̀, Ekòló júbà, ilẹ̀ ò lanu. Ó tún júbà, ilẹ̀ ò lanu. Sìmẹ́ńtì ti dí ilẹ̀ lẹ́nu. Ekòló di ẹrù, ó lọ bá Ìyá Ìgbín nísàlẹ̀ odò, níbi tó ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ sórí ilẹ̀ tí kò wu ẹnikẹ́ni. Tẹ̀tẹ̀ náà kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tó fi ń tó jẹ. Lóru lóru ni Ìjàpá ń rán Yánníbo lọ rà á.

Ìgbà náà ni àwọn Lékeléke, àwọn tó ni owó ọgbà náà, ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ọgbà.

Ṣé àyà Ìjàpá já? Kò já. Ó ra ọ̀dà. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé, garawa lórí garawa. Ó fi kun íńtálọ́ọ̀kù láti ilé Àgbò títí dé ilé Òbúkọ. Ó so òdòdó rọ́bà mọ́ àwọn ògiri. Lékeléke dé nínú aṣọ funfun báláú. Wọn ò balẹ̀. Ilẹ̀ gbóná jù fún ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n yí ìlú ká lẹ́ẹ̀kan lókè, wọ́n rí àwọ̀ ewé lọ súà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú yìí tutù yọ̀yọ̀, wọ́n fi owó tó kù ránṣẹ́, wọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n Ewúrẹ́ ò rí ewúro jẹ láti ọjọ́ yìí. Ó rí àwọ̀ ewé nílẹ̀, ó tẹrí ba, ó lá a. Ahọ́n rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Eyín rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Irùngbọ̀n rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ó figbe ta: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ọ̀dà ni!"

Ìjàpá ní, "Ewúrẹ́, ta ló rán ọ níṣẹ́? Àwọn tí kò fẹ́ kí ìlú yìí tẹ̀ síwájú, a ti mọ̀ wọ́n." Àwọn ẹranko kan tó ṣì dé fìlà Ìjàpá bú Ewúrẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lóru ọjọ́ náà ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé Àgbò, kò rí ibi wọlẹ̀. Ó wọ ti Òbúkọ, kò rí ibi wọlẹ̀. Òjò ilé Àgbò pàdé òjò ilé Òbúkọ, wọ́n di ọ̀kan, wọ́n fọ ọ̀dà kúrò lára òkúta, wọ́n gbé òdòdó rọ́bà, wọ́n gbé fìlà, wọ́n wọ ààfin, àga ọba léfòó. Níkẹyìn, wọ́n rí ilé tuntun kan tó dábùú ọ̀nà omi. Ilé Ìjàpá ni, èyí tó fi owó ọgbà kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé ò sí mọ́, Odò Àsà sì ń ṣàn ní àwọ̀ ewé.

Wọ́n fa Ìjàpá dé iwájú ọba. Ìjàpá ní, "Òjò ni kí ẹ mú." Yánníbo dìde, ó tún ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ nípa òjò sọ létí gbogbo ìlú. Wọ́n mú ìwé iṣẹ́ jáde, ó ti tutù rìndìn, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ńlá kan ṣì hàn nínú rẹ̀ rekete. Gbogbo ẹranko wo ìwé. Wọ́n wo ilẹ̀. Erin ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ aṣọ, ó wúkọ́, ó ní ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ Ìjàpá. Wọ́n gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ Ìjàpá.

Ìdájọ́ wọn ni pé kí kálukú hú íńtálọ́ọ̀kù ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kó tò ó sẹ́yìn Ìjàpá, kí Ìjàpá rù ú padà síbi tó ti rà á. Àgbò to tirẹ̀. Òbúkọ to tirẹ̀. Ewúrẹ́ to méjì. Sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ òkúta ti tutù, oòrùn sì mú lọ́nà. Kí Ìjàpá tó dé Gànmọ̀, gbogbo rẹ̀ ti gan mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ìjàpá, ẹ yí i wò dáadáa, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe tò ó.

Ekòló padà sílé. Ó júbà, ilẹ̀ lanu. Ìyá Ìgbín ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ní ti Ìjàpá, ó rìn títí ó fi dé ìlú kejì. Àwọn ará ibẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń ṣa ewédú. Wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n fún un lómi, wọ́n bi í léèrè ohun tó rù sẹ́yìn.

Ìjàpá wo ilẹ̀ wọn yíká. Ó ní, "Àpẹẹrẹ ọjà ni."