Ẹ́ńjìnnì Agégi Pọ́ọ́kú

Ìwà kan wà tí àwa tí a fẹ́ràn ọjà pọ́ọ́kú jọ ní: bí wọ́n bá ti dárúkọ iye tí a kò retí, etí wa á di, ojú wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀. A ó rí ìpata, a ó pè é ní eruku. A ó rí ọ̀dà tuntun lára ẹ́ńjìnnì tó dàgbà ju ẹni tó ń tà á lọ, a ó ní ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ mọ ìtọ́jú. Mo wà nínú ẹgbẹ́ yìí, owó ẹgbẹ́ mi kò sì pẹ́ rí. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ́ńjìnnì agégi àlòkù, ṣéènsọ́ọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀sùn sí ẹni tó ń tà á. Àwa tí a ń rà á ni mo ń bá wí. Iye tí wọ́n bá pè é kọ́ ni iye rẹ̀. Owó àtúnṣe tí ẹni àkọ́kọ́ sá fún ni wọ́n yọ kúrò nínú iye náà, ẹni tó bá rà á ló sì gbà láti bá a san án.

Ìdí tí ọjà yìí fi ń wọ̀ wá lójú ní Ìkòròdú kò fara sin. Láti Odògùnyàn dé Ìmọ̀ta, títí wọ Àgbọ̀wá lápá Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ tó jẹ́ igbó lánàá ni wọ́n ń pín ní pulọ́ọ̀tì lónìí, pulọ́ọ̀tì tí kò ní igi tí onílé fẹ́ mú kúrò kò sì pọ̀. Iṣẹ́ pákó pàápàá ń sún mọ́ wa: Àgbọ̀wá ni ìjọba Èkó yàn fún àwọn onísọ́míìlì Oko Bàbá ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, àwọn tí gẹdú ti ń léfòó lórí ọ̀sà wá bá láti ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti já okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, iye ẹ́ńjìnnì tuntun ti di ohun tí a ń jókòó gbọ́. Òwòdé Onírin wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, irin ọkọ̀, irin ilé, irin ẹ̀rọ, ojú wa kì í sì í kọjá níbẹ̀ láìyà. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa: igi kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wa ní, máńgòrò tí ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà. Nítorí igi kan yìí la ṣe ń wá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún igbó, a kò sì rántí pé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó yẹ kí ènìyàn gba àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ tó ń mójú tó ọgbà àti igi, kó tó gé igi lulẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti délé, ìwé àṣẹ kò tíì jáde, máńgòrò ṣì ń so.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́ kí a tó náwó lé e. Andreas Stihl, ará Jámánì, dá iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1926. Ẹ́ńjìnnì agégi tí ń mu bẹntiróòlù tó gbé jáde ní 1929 wúwo tó kílò 46, ènìyàn méjì ló ń gbé e. 1950 ni wọ́n tó ṣe èyí tí ẹnì kan lè dá mú. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, 070 ni àwọn agégẹdú ilẹ̀ wa àti ti Gánà mọ̀ bí ẹni mowó, ẹ́ńjìnnì gàgàrà tó ń la igi sí pákó nínú igbó láìdé sọ́míìlì. Gánà fi òfin de irú lílà bẹ́ẹ̀ ní 1998, ariwo ẹ́ńjìnnì náà kò sì tíì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rọ yìí ló jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ilé ń pè ní I-pass-my-neighbour. Ọ́ìlì inú epo yẹn nìkan ló ń dáàbò bo písítìnì. Ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ náà mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọ ilé bá gbàgbé ọ́ìlì: ẹ́ńjìnnì á ké, á gbóná, á nọ́ọ̀kì. Egbò yìí sì wà nínú, kò hàn lára. Ọkọ̀ ní mítà tó ń ka ìrìn, bí wọ́n tilẹ̀ ń yí i padà. Ẹ́ńjìnnì agégi kò ní ohun kan tó ń ka ìyà tó ti jẹ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì le. Ẹ di ọwọ́ okùn tí a fi ń ta á mú, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì so rọ̀ láti ibẹ̀: bó bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, agbára ti tán nínú rẹ̀; bó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀mí ṣì wà. Ẹ tú sàlẹ́ńsà, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo písítìnì láti ojú ihò. Bó bá lalà bí ẹni tó kọ pélé, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti ta á gbóná kí ẹ tó dé, ẹ ní kó kọ́kọ́ tutù ná. Àwa kì í ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló ń bà wá kí a má lọ rí ohun tí yóò ba ọjà pọ́ọ́kú náà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹnìkan á ní gbogbo ohun tí a ń lò ni tòkúnbọ̀, láti orí ọkọ̀ dé orí fíríìjì, kí ló wá dé tí ti ayùn fi yàtọ̀? Mo gbà fún un dé ibì kan, nítorí ojúlówó tó ti pẹ́ sàn ju ayédèrú tuntun tí wọ́n lẹ orúkọ ńlá mọ́ lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbé ọjà dórí àtẹ. Òyìnbó lè ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí pé tuntun wù ú. Agégẹdú kì í sábà ta ẹ́ńjìnnì tó ń gbé oúnjẹ wálé. Ìgbà tí kò bá gbé e wá mọ́ ló ń tà á. Ẹlòmíràn á ní kò sí ohun tí mẹkáníìkì wa kò lè tún ṣe. Òótọ́ ni: ẹ̀rọ náà kò ní fáàfù, mẹkáníìkì ọ̀kadà tó gbọ́n lè tú u kó sì tò ó padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ni wàhálà. Ríìngì tuntun nínú sílíńdà tó ti họ kò ní pẹ́ tí yóò fi rí bíi ti àtijọ́. Bí a bá sì pààrọ̀ sílíńdà, tí a kò dí ibi tí atẹ́gùn ti ń yọ́ wọlé, tuntun náà á tún gbóná, á tún họ. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Ibi tí àṣìṣe wa sì pọ̀ sí jù nìyí: a kì í ka àtúnṣe mọ́ owó ọjà, "nǹkan kékeré" la ń pè é, nígbà tí nǹkan kékeré bá sì ti pọ̀ ju owó ọjà lọ, a kò lè jáwọ́ mọ́ nítorí èyí tó ti wọlé.

Pọ́ọ́kú tòótọ́ wà o, àmọ́ ibi tí ojú wa kì í dé ló wà: lára ṣéènì. Joseph Cox, agégi ará Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí bí ìdin kòkòrò ṣe ń jẹ igi sọ́tùn-ún sósì, ó sì fi ṣe àwòṣe ṣéènì tó gbé jáde ní 1947; irú eyín yẹn ni ayé ṣì ń lò. Ìdin kì í ra fáìlì, àwa ní láti rà á. Ẹ́ńjìnnì kan lè wà tí wọ́n ní kò lágbára mọ́, tó jẹ́ pé ṣéènì rẹ̀ ló kú: bí èérún tó nípọn bá ń jáde, ó mú, bí ìyẹ̀fun bá ń jáde, ó fẹ́ fáìlì. Àwọn agégẹdú mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá sọ pé àwọn náà ń ra àlòkù kò fi tíì borí mi. Etí ni wọ́n fi ń rà á, wọ́n sábà máa ń mọ ẹni tó lò ó, iṣẹ́ ọ̀la á sì san owó àtúnṣe òní. Tiwa á wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé títí epo inú kábúrétọ̀ á fi di bí oje. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n kò sí oyin kankan nínú máńgòrò wa.

Mi ò tíì mẹ́nu kan ewu. Àwọn 070 àtijọ́ kò ní bíréèkì tí ń dá ṣéènì dúró bí imú rẹ̀ bá gba igi tó sì ta padà sí ẹni tó mú un. Fún ìdí èyí, ẹni tó ní igi kan, kó pe agégi tó mọṣẹ́, kó sanwó fún un, kó sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá ta kú pé àfi kí òun rà á, kó mú agégi náà dání lọ sọ́jà, kó sì fún un ní owó ọ̀nà àti owó iṣẹ́, nítorí yóò dín owó tó pọ̀ ju ìyẹn lọ kù fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á ná, ẹ wo ara ike ọ́ìlì yín: bí wọ́n bá kọ 1:50 síbẹ̀, mílílítà 20 ni fún lítà bẹntiróòlù kan, bó bá jẹ́ 1:25, mílílítà 40 ni. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ mì í dáadáa kí ẹ tó dà á sínú táǹkì.