Àwọn Babaláwo Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí kò ta kókó: kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la, nítorí náà kí awo rọra máa sọ̀rọ̀, kó sì padà wá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ janlẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn awo kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1990 tí wọ́n yí òwe náà sódì. Lójú tiwọn, ọ̀la kò gbọdọ̀ rí bí òní. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ra ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?

Ìwé ìròyìn orin méjì ni wọ́n, Melody Maker tó ti wà láti 1926, àti NME tó bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Ijọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń dá Ifá tiwọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dífá fún, tí kò sì bẹ̀ wọ́n, ni ẹgbẹ́ olórin Slowdive, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Reading ní 1989. Neil Halstead àti Rachel Goswell ló ń kọrin níbẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti mọra. Orin wọn ni wọ́n ń pè ní dream pop: wọ́n á mú ohùn gìtá gba inú oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, títí yóò fi ki bí ìkùukùu òwúrọ̀, ohùn àwọn akọrin á sì máa wá lábẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Nítorí pé ilẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ náà wà, àwọn oníròyìn sọ irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ ní shoegaze, àwọn awobàtà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ ṣiṣẹ́, ibo ni kó tún máa wò?

Nígbà tí àwo kékeré wọn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kọkànlá 1990, NME ní òun ló dára jù lọ́sẹ̀ náà. Ní 1991, Melody Maker fi irú oyè kan náà dá méjì tó tẹ̀ lé e lọ́lá. Àwọn ọmọ tí wọn ò ju bí ẹni ogún ọdún lọ ni wọ́n gbé gẹṣin aáyán báyìí.

Ẹṣin náà kò rìn jìnnà. Kí àwo Souvlaki tó jáde ní 1993, ìfẹ́ àárín Halstead àti Goswell ti tú ká, Halstead sì lọ dá gbé nínú ilé kékeré kan ní Wales láti kọ orin. Alan McGee, ọ̀gá Creation tó ń gbé àwo wọn jáde, kọ nǹkan bí 40 orin wọn dànù. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àgbà ọ̀jẹ̀ olórin Brian Eno, ó dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú orin méjì lórí àwo náà. Làálàá yìí ni Melody Maker wò tán, tí òǹkọ̀wé wọn kan fi ní ó sàn kí òun rì sínú ọpọ́n ìwẹ̀ tó kún fún ògì òyìnbó ju kí òun tún gbọ́ àwo náà lọ. (Lọ́dọ̀ tiwa, àkàrà ni wọ́n ń wá fún ògì; a ò rí ẹni tó wẹ̀ ẹ́.) Ṣáájú ìgbà yẹn ni Richey Edwards, ti ẹgbẹ́ Manic Street Preachers, ti sọ pé ìkórìíra tí àwọn ní sí Slowdive ju èyí tí àwọn ní sí Hitler lọ. Hitler! Kí ni gìtá ṣe?

Kò pọn dandan kí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn Souvlaki. Orin ẹ̀ ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jó lè sùn lọ. Àmọ́ kì í ṣe orin ló yí padà láàárín ọdún mẹ́ta yẹn. Àsìkò ló yí padà: ti ẹgbẹ́ olórin Suede ti dé, ti Oasis ń bọ̀. Oṣù Karùn-ún 1993 ni McGee fúnra rẹ̀ rí Oasis ní Glasgow. Nígbà tí Pygmalion, àwo kẹta, jáde ní 1995, kò pé tí Creation fi lé Slowdive dànù. Oníbéèrè tí kò bèèrè ni wọ́n fi rúbọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹbọ náà ṣe dà. Creation kógbá sílé ní 1999. Melody Maker tẹ̀ lé e ní 2000, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ NME. NME náà ṣíwọ́ títẹ ìwé ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jáde ní 2018. Slowdive ńkọ́? Wọ́n padà sórí ìtàgé ní 2014. Souvlaki kò kọjá ipò 51 lórí àtẹ àwo Ìlú Ọba nígbà tó jáde. Everything is alive, àwo wọn ti 2023, dé ipò 6. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ní 1993 ń fi orin Souvlaki sí fídíò orí TikTok, níbi tí awo tuntun kan, ẹ̀rọ tó ń yan ohun tí a ó wò, ti ń dífá ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, tí kò tilẹ̀ ní ẹnu tí a lè bá a jiyàn.

Ní ti ọpọ́n ògì yẹn, ó ṣì wà. Bóyá ni ẹnì kan ń kọ ìtàn Souvlaki láìgbé e jáde, tòun ti ògì rẹ̀ tó ti tutù láti 1993.