Àǹtí Ajẹrin

Bí o bá gba ọ̀nà Ìgànná wọ Ìjìó lọ́sàn-án gangan, tí o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn elélùbọ́ kí o lè sinmi díẹ̀, má yán o. Bí o bá yán pẹ́nrẹ́n, Àǹtí Ajẹrin ti dìde nìyẹn. Yóò nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, yóò fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ wálẹ̀, yóò yọjú wò ó bí ẹni ń wò ó bóyá ọbẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni yóò mí kanlẹ̀: "Háà! Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ yìí."

Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Èlùbọ́ ló ń tà, kóńgò ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ò wọ́n ní Òkè-Ògùn, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, bóyá ti àdúgbò tìrẹ pàápàá wà níbẹ̀. (Odò Ògùn ni wọ́n fi sọ Òkè-Ògùn lórúkọ, kì í ṣe Ògún onírin. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún Àǹtí. Ó ní ọ̀kan náà ni.)

Iwájú orí ló fa gbogbo rẹ̀. Ó wo dígí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé irun ti ń sún sẹ́yìn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Lásìkò yẹn náà ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ, tí oògùn pupa onírin tí wọ́n ń fún àwọn aboyún ṣẹ́ kù sílẹ̀. Àǹtí wo oògùn, ó wo ara rẹ̀. Ohun tó lè gbé ẹni méjì, kí ni kò ní í ṣe fún ẹnì kan?

Bó ṣe di olùdánwò nìyẹn. Ìwé tó fi ń kọ orúkọ àwọn onígbèsè rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kọ iye irun tó bá bá nínú ìyarun sí: Mọ́ńdè 83, Túsìdeè 71. Bẹ́ẹ̀ rèé, irun bí 50 sí 100 ló ń já lórí èèyàn lójúmọ́, orí ò fọ́ ẹni kankan. Kò kà á rí tẹ́lẹ̀ ni.

Oògùn náà ń rùn bí ìṣó tó dípẹtà, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé tíì Lipton tí wọ́n da mílíìkì sí dáadáa ló fi ń gbé e mì. Ohun tó sì ń dí irin lọ́nà nínú ikùn gan-an nìyẹn, àti tíì àti mílíìkì. Irin mílígíráàmù 65 ló wà nínú hóró oògùn pupa kan tó jẹ́ mílígíráàmù 200, díẹ̀ nínú ìyẹn náà ni ara sì ń gbà. Àǹtí wá ń pe àlejò wọlé, ó tún ń fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ọlọ́sàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọsàn tó sì lè ran irin lọ́wọ́, kò fi kan ẹnu.

Lọ́jọ́ kẹta, ó kéde pé agbára ti dé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹ̀jẹ̀ tuntun fi ń gbéra, ṣùgbọ́n ti Àǹtí gun ọ̀kadà wá. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti ilé ìyàgbẹ́ bọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó pè wá jọ: dúdú ni, dúdú bí èédú! Irin ti ń wọlé! Ta ni yóò sọ fún un pé èyí tó ń jáde ló rí yẹn?

Kò fi mọ sí oògùn nìkan. Ó se pòòpó ọkà bàbà títí omi rẹ̀ fi pọ́n bí sóbò, ó da mọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ mílíìkì, ó sì ń jẹ ẹ̀fọ́ bí ewúrẹ́. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni jẹnẹrétọ̀ ọmọ rẹ̀ bàjẹ́, tí fíìmù òru parí, tí Àǹtí ń sùn láago mẹ́jọ. Nígbà tí ara wá yá gágá, oògùn pupa nìkan ló gba ọpẹ́.

Ti irun ńkọ́? Gbogbo Sátidé ló ń lọ dì í, ó sì gbọ́dọ̀ le. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí onídìrí rọra sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, iwájú yìí ti ń ṣí." Ìdìrí ti fa ìpéǹpéjú Àǹtí lọ sókè débi pé ó jọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ó ní, "Fà á. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dá mi láàmú."

Kò purọ́ tán o. Ibà, aràn, oyún àti nǹkan oṣù ń jẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin wa, oògùn pupa yìí sì ti gba ọ̀pọ̀ aboyún là. Ohun tí mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín sí ni ọ̀rá tó ń dà á sí lórí tábìlì. Hóró rẹ̀ pọ́n, ó ń dán bí súìtì. Ọmọ ọdún méjì kan ti fi ọ̀kan sẹ́nu kí ìyá rẹ̀ tó fìka yọ ọ́, mélòó kan nínú rẹ̀ sì lè pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó tún fẹ́ fún ọmọkùnrin kan tó jẹ́ SS, tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ara ò ní ibi tó ń da àjẹkù irin sí. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó jọ sí.

Lọ́jọ́ ọjà kan, àwọn nọ́ọ̀sì wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àǹtí ló ń to èèyàn sórí ìlà. Nígbà tó kàn án, ó rántí pé òun gbé nǹkan kaná, àfìgbà tí a dì í mú kí wọ́n tó gún un níka. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 38, kò sí ohun tó ṣe é. Ó na ìwé náà sókè, ó fi yí gbogbo ọjà ká: "Ẹ wá wo iṣẹ́ oògùn!"

Mo ní, "Àǹtí, mélòó ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?"

Ó wò mí tàánútàánú. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ kó tó lò ó?"

Oníbàárà kan ti dúró. Àǹtí bu èlùbọ́ kún kóńgò, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gé orí rẹ̀ kó lè dọ́gba geere, ó sì dá èyí tó lé padà sínú àpò.