Àbẹ̀kẹ́ Ń Kọ́ Idán Dúdú

Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti kígbe pé ará ilé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ idán dúdú, kó má ṣe yan ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Prayer City ti Mountain of Fire ń bẹ lápá Ìbàfò, Redemption City ti àwọn Ridiimu ń bẹ lókè lọ́hùn-ún, Mówè tí mò ń gbé sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ àdúrà ni. Níbẹ̀ gan-an, nínú dáńfó tó kún fọ́fọ́, ni mo ti la ẹnu mi.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀. Ó ra géèmù kan fún mi, orúkọ rẹ̀ ni Magical Diary: Horse Hall. Mo rí “Horse”, mo gbà pé eré ìje ẹṣin ni. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo gbé ìka lé bọ́tìnnì, mo ń retí ẹṣin. Ọ̀rọ̀ ni mo ń rí. Ọmọbìnrin kan sọ tiẹ̀, òmíràn fèsì, olùkọ́ wọlé, ó ń ṣàlàyé. Mo ń fi bọ́tìnnì lé gbogbo wọn kọjá bí ẹni ń lé eṣinṣin lára ẹran. Epo tán, ẹṣin ò dé.

Àṣé ilé kan tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé ní Iris Academy ni wọ́n ń pè ní Horse. Ilé ìwé idán ni, wọ́n ní Vermont lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ́ ọ sí. Hanako Games, ilé iṣẹ́ ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Georgina Bensley, ló gbé eré náà jáde ní 2011. Ìgbà tó di 2020 ni wọ́n tó ṣe ti àwọn ọmọkùnrin, Wolf Hall. Ìwé ni ẹ máa kà, ìwé tó ní àwòrán, tó sì ń dúró lóòrèkóòrè láti bi yín pé kí ni kí ọmọ náà ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa to táìmùtébù rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà tí wọ́n béèrè orúkọ, èyí tó sún mọ́ mi lẹ́nu jù ni mo tẹ̀: Àbẹ̀kẹ́. Oríkì ìyàwó mi ni. Mi ò sọ fún un.

Èmi náà ṣe bọ́dìn, ìyẹn ló tún kó bá mi. Mo rò pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi bọ́dìn hàn mí. Mo ti pọn omi fún síníọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti kúnlẹ̀ títí orókún fi bó, mo ti fi gàrí inú kọ́bọ́ọ̀dù mi gba ara mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà. Nílé ìwé tiwa, bí o bá ti mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo dáadáa, àwọn ọ̀gá yóò fi ọ́ sílẹ̀. Àwọ̀ idán márùn-ún ló wà ní Iris: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, funfun àti dúdú. Mo kó gbogbo ọ̀sẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ fún dúdú. Kì í ṣe idán ìkà o. Ẹ̀kọ́ bí ẹ̀kọ́ ni, olùkọ́ ń kọ́ ọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti ṣàlàyé ìyẹn fún ará Ìbàfò.

Ìdánwò dé. Kò sí bíírò, kò sí pépà. Inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n jù ú sí, kó fi ohun tó ti kọ́ wá ọ̀nà jáde. Olùkọ́ ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, lásìkò tí mò ń retí ẹṣin. Àbẹ̀kẹ́ ń rìn kiri nínú òkùnkùn, ó ń kọlu ògiri, àmì ìjìyà ń gorí ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Grabiner, tí ojú rẹ̀ kì í túká, sì wà níbẹ̀ láti kà wọ́n.

Ọjọ́ kejì, mo ti ìsọ̀ tí mo ti ń ṣe fótókọ́pì ní Ìbàfò, mo wọkọ̀ lọ sílé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àbúrò mi pè, ó béèrè pé báwo ni ọmọ mi ṣe ń ṣe nílé ìwé. Ariwo pọ̀, nítorí náà mo gbé ohùn sókè.

“Àbẹ̀kẹ́ ò gbádùn o! Idán dúdú nìkan ló ń kọ́, kò mọ òmíràn! Wọ́n tì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀ lálẹ́ àná! Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń sùn, Ellen àti Virginia, wọ́n sàn jù ú lọ. Bí wọ́n bá lé e nínú ẹgbẹ́ wọn báyìí, wọ́n á nu ọpọlọ rẹ̀ mọ́ ni, kò ní rántí pé òun mọ idán rí!”

Dẹ́rẹ́bà pa rédíò. Ẹni tó jókòó tì mí sún, bẹ́ẹ̀ kò sáyè tó lè sún sí. Obìnrin kan níwájú, tó ti fi ìbòmú bojú, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èdè àjèjì. Ó yẹ kí n dákẹ́.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi,” ni mo wí, “eré ni. Ọmọbìnrin ni mí níbẹ̀.”

Kọ́ńdọ́ ṣí ilẹ̀kùn.

Mo fẹsẹ̀ rìn délé. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé obìnrin ìbòmú yẹn àti ìyàwó mi jọ ń kọrin nínú kúáyà ni. Kò pe ìyàwó mi. Ta ní í pe àjẹ́ láti sọ fún un pé àṣírí rẹ̀ ti tú? Ìyá ìyàwó mi ní Ìfọ̀ ló pè.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Màmá ti gba Sango wọ Èkó, wọ́n ti já sí Mówè, àwọn àti wòlíì méjì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òróró. Mo dọ̀bálẹ̀, wọn ò ní kí n dìde.

“Bàbá Ìbejì, níbo lẹ ti ọmọ mi mọ́?”

Ìyàwó mi yọ láti kíṣìnnì pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Wòlíì kan fò sẹ́yìn.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi hàn wọ́n. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù. Ohun tó yọ ni Àbẹ̀kẹ́ nínú ihò, pẹ̀lú àwọn idán tó mọ̀. Ìyàwó mi ka orúkọ rẹ̀, ó wò mí, ó wo orógùn. Àdúrà ti ń gbóná nígbà tí Màmá, tí wọ́n ti ṣe mátírọ̀n ilé ìwé obìnrin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, gbé ìgò ojú wọn wọ̀.

“Ṣé ó ń kàwé?”

“Rárá mà.”

“Ta ló to táìmùtébù yìí?”

“Èmi ni mà.”

Wọ́n ní kí àwọn wòlíì dẹwọ́ ná.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ tí Màmá ò bá pè láti Ìfọ̀ ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe láti kí mi. Ṣé ó ti gba ti àwọ̀ ewé? Ṣé Grabiner ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ti sú mi. Mo ní, “Màmá, ó ti yege.” Inú wọn dùn débi pé wọ́n ti gbé orúkọ Àbẹ̀kẹ́ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sunday yìí ni ìdúpẹ́. Ìyàwó mi ti ní òun ò bá wa jó lọ síwájú pẹpẹ nítorí ìdánwò tí òun ò ṣe. Ọmọ náà ò tíì kúrò nínú ihò.