Ìjàpá Ń Ta Ìwà ní Bodokro

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò balẹ̀ sígbó, kò balẹ̀ sọ́dàn, ọjà Bodokro ló balẹ̀ sí, lágbègbè Bouaké ní Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn Baoulé ti ń gbin iṣu àti kajú, tí àwọn Anagó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ti ń pàtẹ. Ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti Adìẹ Àgbébọ̀, ìyá alátẹ.

Lọ́dún náà, owó kajú já wálẹ̀, ọjà kú. Ìgbà tí ebi bá gbòde báyìí ni olùkọ́ ọrọ̀ máa ń pọ̀ nílùú, Ìjàpá náà sì yọ láti Abidjan. Ó wọ kóòtù lé igbá ẹ̀yìn, ó so táì mọ́rùn. Bí ọrùn bá wọlé, táì á bá a wọlé. Bí ọrùn bá jáde, táì á tún yọjú.

Kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ gbọ́ o: Ìjàpá yìí kan náà ni Òkété mú wá láti Èjìgbò nílẹ̀ Yorùbá nígbà kan rí, bí a ṣe máa ń mú ọmọ wá. Wàá bá ọ̀gá tajà fọ́dún díẹ̀, ọ̀gá á fún ọ lówó, ìwọ náà á dá tìẹ sílẹ̀. Ọdún kan ò pé tí Ìjàpá fi jẹ èrè, ó jẹ owó ojú ọjà, díẹ̀ ló kù kó jẹ tábìlì. Òru ló gbà sá lọ sí Abidjan. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ìwà ló ń sọ oníṣòwò di olówó. Ó ronú títí, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní fẹ́ ra ìwà?

Ó to àdó méje sórí ẹní: Sùúrù, Ìgboyà, Òtítọ́, Ìforítì, Ọgbọ́n-inú, Àfojúsùn, àti Ìgbára-ẹni-gbọ́ tó wọ́n jù lọ. Àwọn yòókù, 5,000 fàráǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèwọ̀ wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá rà á kò gbọdọ̀ ṣí i títí yóò fi là. Ló bá gbé orin:

Lílé: Ta ló fẹ́ là, ta ló fẹ́ lówó?
Ègbè: Àdó ìwà!
Lílé: Iṣẹ́ ò lówó, ọjà ò lérè,
Ègbè: Àdó ìwà!
Lílé: Ẹ má ṣí i o, ẹ dákun, ẹ má ṣí i,
Ègbè: Àdó ìwà!
Lílé: Ẹ kówó wá ná, kí n gbé e fún yín,
Ègbè: Àdó ìwà!

Ewúrẹ́ ta garawa epo tó kù ú kù, ó ra Sùúrù. Ajá ta ọmọlanke tó fi ń kẹ́rù, ó ra Ìgboyà. Ẹlẹ́dẹ̀ yáwó, ó fi ra Òtítọ́, kò sì sọ fún ẹni tó yá a pé òun ò ní rí i san.

Adìẹ nìkan ni kò jókòó. Àtẹ wà lórí rẹ̀, ó ń kiri láàárín wọn: ṣúgà ní hóró mẹ́ta mẹ́ta, tòmátò alágolo ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, Maggi ní ẹyọ. Ẹni tí kò lágbára páálí lágbára hóró, orí ìyẹn sì ni ilé tó kọ́ sí Èjìgbò dúró lé. Kumasi ni ìyá rẹ̀ ti ń tajà, kí ìjọba Busia tó fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré pé kí wọ́n kó jáde ní Gánà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Ìyá fi ọjà sílẹ̀, ó mú àtẹ, ó mú ọmọ, ó gba Abidjan, ó wọ rélùwéè tó ti dé Bouaké láti 1912. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994 tí wọ́n gé fàráǹkì CFA sí ìdajì, ẹni tó kó owó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sunkún. Adìẹ ti sọ tirẹ̀ di ọjà, ó ń gbọn ìyẹ́. Lẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án 2002 tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, tí báńkì tilẹ̀kùn, àjọ tó ń bá àwọn ìyá Baoulé dá ló fi ń ra ọjà. Ó gbọ́ Baoulé, ó gbọ́ Dioula, ó sì mọ ilé tí wọ́n ti ń san gbèsè àti ilé tí wọ́n ti ń sá lẹ́yìnkùlé. Èmi ò mọ inú àdó wo lèyí wà.

Ìjàpá rí i, ó ní, “Ìyá Alátẹ, ẹ ò ní ra ọ̀kan?”

Adìẹ ní, “Hóró ṣúgà mélòó ló wà nínú páálí kan? Tí n bá tà á ní mẹ́ta mẹ́ta, èló lèrè mi?”

“Ẹ̀yin ìyá yìí! Èmi kì í ka hóró. Ìran ni mò ń rí.”

“Ó dáa. Bá mi wò ó nínú ìran ọ̀hún, ọjọ́ wo lo máa san owó búrẹ́dì mi?”

Ọrùn wọlé, táì tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kẹta, Ewúrẹ́ ṣí àdó. Afẹ́fẹ́ ló bá níbẹ̀. Gbogbo wọn rọ́ lọ bá Ìjàpá. Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó ra Sùúrù tí kò lè dúró dọjọ́ mẹ́rin, àdó kan ò tó o nìyẹn. Mú 5,000 mìíràn wá.” Ajá gbó, ó fẹ́ bù ú jẹ. Ìjàpá tún ní, “Ìgboyà ti ń ṣiṣẹ́ lára Ajá!” Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé Ewúrẹ́ ti ń tú etí aṣọ.

Àfi bí Adìẹ ṣe yọ. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ló rù, èyí tó máa ń fi èédú ṣàmì gbèsè sí.

Lílé: Búrẹ́dì àná, búrẹ́dì ìjẹta,
Ègbè: Ó wà lára ilẹ̀kùn!
Lílé: Ẹja díndín, àkàrà gbígbóná,
Ègbè: Ó wà lára ilẹ̀kùn!
Lílé: Ìjàpá rí ìran, kò rí èédú,
Ègbè: Ó wà lára ilẹ̀kùn!

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Erin, Erin sì dájọ́: kí Ìjàpá dá owó olówó padà. Wọ́n tú àpò kóòtù, ìdajì ló kù. Wọ́n pín in fún àwọn tó ra àdó, Adìẹ ò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Ló bá mú àtẹ, ó gbé e lé Ìjàpá lórí, táì àti gbogbo ẹ̀.

Òun ló ń kiri ọjà fún un títí dòní. Òkété náà sì ti jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń retí kí gbèsè Adìẹ tán kí tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dé Bodokro, ẹ ra ṣúgà lọ́wọ́ Ìjàpá, ẹ ṣàánú rẹ̀. Àmọ́ ẹ ka hóró yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ o.