Ìyẹ́ Òsì Méjì Lára Honda Kan

Ohun àkọ́kọ́ tí òǹkọ̀wé yìí ṣe sí Honda CG125 àbúrò bàbá rẹ̀ ni pé ó mú sáńpépà, ó sì ha gbogbo ohun tí ì bá fi mọ bí máṣíìnì náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ dànù. Ìlà ẹ̀gbẹ́ táńkì, lẹ́tà HONDA, ìyẹ́ tó ń fò, gbogbo rẹ̀ di eruku lẹ́yìnkùlé ní Mowe. Kò ya fọ́tò. Kò fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ da ìlà kankan kọ. Kò tilẹ̀ fi rúlà wọn ìbú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọ̀dà àtijọ́ padà, nǹkan mẹ́ta yẹn ló kọ́kọ́ ń ṣe. Ìgbà tí òǹkọ̀wé yìí gbọ́, ó ti gbá eruku náà dànù.

Máṣíìnì náà sì tó ṣìkẹ́. Ọdún 1976 ni Honda gbé CG125 jáde, wọ́n sì dìídì ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun máṣíìnì kì í ti í rántí pààrọ̀ ọ́ìlì: ọ̀pá ló ń ṣí fáàfù rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì. Ọdún 1979 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà tí Mowe, Ibafo àti Ifo wà. Kí Jincheng láti Ṣáínà àti Bajaj láti Íńdíà tó gba títì, Honda, Yamaha àti Suzuki ni tíṣà àti nọ́ọ̀sì fi ń yan fanda.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló kàn. Ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì, ó gbé e tọ àwọn tó ń po ọ̀dà mọ́tò lọ ní Ibafo, ó ní kí wọ́n po irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n po ó, ó sì jọ ọ́. Àṣé oòrùn ti fa pupa ara ìdérí yẹn gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Ojúlówó pupa rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó, níbi tí oòrùn kò dé. Owó gidi ló fi ra àwọ̀ tó ti ṣá.

Ó tún ti gbọ́ nípa CB750 ti ọdún 1969, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà fàdákà tàbí ti wúrà tẹ́ nísàlẹ̀ kí wọ́n tó fọ́n àwọ̀ tí ojú ń rí gba inú ẹ̀ kọjá lé e lórí, kí fáníìṣì tó wá kádìí ẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún òun. Pẹ́ńtà kọ̀: “Bọ̀dá, tí a bá fọ́n ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan lé, ẹ̀gbẹ́ yẹn á dúdú ju èkejì lọ.” Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tó gbà nìyẹn.

Kàn-ń-kàn wá dé orí ìyẹ́. Ó fi àwòrán ìyẹ́ kan han ọmọ tó ń gé sítíkà, ó ní kó ṣe méjì. Ọmọ náà ṣe méjì, méjèèjì jẹ́ tòsì. Ìyẹ́ Honda ní tọ̀tún, ó ní tòsì, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè jọ máa fò síwájú. Lára máṣíìnì yìí, ẹ̀gbẹ́ òsì ń fò lọ sí Èkó, tọ̀tún ń fò padà sí Ìbàdàn.

Síbẹ̀, ó gùn ún lọ sí Ifo kí àbúrò bàbá rẹ̀, Dádì Ifo, lè rí i. Nílé epo, bẹntiróò kún táńkì, ó ṣàn lé e lára. Fáníìṣì inú agolo tí wọ́n ń tẹ̀ fọ́n ló sì fi parí iṣẹ́, irú èyí tí bẹntiróò ń jẹ. Èyí tí wọ́n ń po oògùn amúnile mọ́ ló lè kojú rẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí fa àkísà yọ, ó nù ún kíákíá. Ọ̀dà bá àkísà lọ. Ìyẹ́ tó ń lọ sí Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ká.

Dádì Ifo yí máṣíìnì náà po. “O ṣeun, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Kí ló gbá a?”

Mẹkáníìkì kan ládùúgbò wọn ní táńkì CG125 kan tí sítíkà àtijọ́ ṣì wà lára ẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí gbé bébà, pẹ́ńsùlù àti rúlà dé ibẹ̀, ó bá a pé apá ọ̀tún ti bó, tòsì nìkan ló kù. Ó da ìyẹ́ náà kọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òsì náà tún ni, àfi ìgbà tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ gba bébà náà lọ́wọ́ ẹ̀, tó ṣí i sẹ́yìn, tó sì gbé e síwájú iná kó lè rí i.