Etí Òkun Lèmi Wà

Màmá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń fọ́nnu lọ́jà pé ọmọ àwọn méjì ló wà lókè òkun. Ọ̀kan péré ni. Àbúrò mi ló dé òkè òkun, ní erékùṣù kékeré kan ní Nọ́wè. Èmi ò kọjá etí rẹ̀: Agbogbloshie, ní Accra, ni mo ti ń ta irin àlòkù. Bọ́ọ̀sì ló gbé mi débẹ̀. A kọjá Sẹ̀mẹ̀, a kọjá Hillacondji, a kọjá Aflao. Kí n tó rí Accra, ẹsẹ̀ mi ti wú bí iṣu. Mo ṣàlàyé fún Màmá títí. Wọ́n ní, "Ṣé o ò rí òkun lọ́nà ni?" Mo ní mo rí i. Wọ́n ní, "Ó tán nìyẹn."

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́: omi, ẹyẹ funfun, àgùntàn mẹ́ta, kò sí èèyàn kankan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo àdúgbò wa. Ìró ẹyẹ nìkan lèèyàn ń gbọ́." Ara ta mí. Èmi náà jáde, mo ya ọ̀sà Korle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wa: omi rèé, lékeléke rèé, màlúù sì pọ̀ ju àgùntàn tirẹ̀ lọ. Kíá ló fèsì: "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ẹ wà mà dára o!" Ọlọ́run ló ṣe é tí fọ́tò kì í rùn.

Ti ìró la ò tiẹ̀ ní sọ. Ṣáájú ọdún Homowo, àwọn Gã tó ni ìlú máa ń fi òfin de ìlù fún bí oṣù kan. Mo ti ń yọ̀ pé màá sùn. Àṣé ìlù ni wọ́n fi òfin dè, wọn ò fi de hámà.

Ní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba wó ọjà irin wa, wọ́n sì kó àwọn alálùbọ́sà tó múlé tì wá lọ sí Adjen Kotoku. Àwọn alálùbọ́sà lọ. Oníirin ẹgbẹ́ wa gbé hámà, wọ́n sún síwájú díẹ̀. Ìtàn ilé wa ni kí wọ́n máa lé wa. Lọ́dún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi Gáánà sílẹ̀. Bàbá bàbá mi di ẹrù lọ sílé. Ọṣẹ dúdú wa ò bá wọn lọ. Títí di òní, "alata samina" ni wọ́n ń pè é níbí, orúkọ àwa aláta ló ń jẹ́. Wọ́n lé wa tán, wọ́n fi wá wẹ̀.

Níbi iṣẹ́ àbúrò mi, wọ́n máa ń sá ẹja sórí igi láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, atẹ́gùn tútù á gbẹ ẹ́ bí pákó. Àwọn aláwọ̀ funfun á jẹ ara, orí á gba Nàìjíríà lọ, á bọ́ sínú ọbẹ̀ Màmá. Ti ẹ̀rọ náà ò yàtọ̀. Yúróòpù á wo tẹlifíṣọ̀n tó bá sú u, á dì í sínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọmọ Gáánà á tún èyí tó bá ṣeé tún ṣe ṣe. Ọwọ́ wọn dáńtọ́. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Wọ́n á sun wáyà rẹ̀ kí bàbà lè jáde, èéfín á gba ojú ọ̀run, ìyókù á bá odò Odaw wọ ọ̀sà. Èmi ń jẹ nínú ẹ̀, mo sì ń húkọ́ nínú ẹ̀.

Lékeléke nìkan lọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé mi. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, a máa ń na èékánná sí i pé kó fún wa ní funfun. Níbí, ó ń rìn lórí eérú láàárín màlúù, kò dọ̀tí. Mo na èékánná mi sí i láàárọ̀ àná. Ó wò ó, ó fò lọ.

Nílé wa, tẹlifíṣọ̀n kì í kú: bó bá dákẹ́, a ó gbé tuntun lé e lórí, ó ti di tábìlì nìyẹn. Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ jọ̀ọ́, bí tiyín bá dákẹ́, ẹ ṣe bíi ti Màmá.